Gbànja, Oorun àti Ọpọlọ: Iṣẹ́ tí Adẹ́nósíìnì ń Ṣe Lórí Wa

 A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò ka àpilẹ̀kọ yìí ní àkókò tí ó yẹ kí ẹ máa ka nǹkan mìíràn, nítorí náà a kò ní lọ yíká. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò jìnnà sí yín rárá. Ó wà nínú àpò ṣòkòtò yín, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí yín, ó sì wà lórí atẹ ọkùnrin tí ń ta goro lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbé wa, ẹni tí ọjà rẹ̀ máa ń yá ju ti gbogbo oníṣòwò lọ ní ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò bá fi ń lọ lọ́wọ́.

Goro ni àwa tí a dàgbà sí Òkè Ọya kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí. Ìgbà tí a bá àwọn òbí wa lọ sílé ni a tó gbọ́ pé gbànja ni orúkọ rẹ̀, tí a sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú goro tí wọ́n ń jẹ ní Kánò, oko àwọn baba wa ní Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú àti agbègbè Abẹ́òkúta ni ọkọ̀ ti ń kó o lọ.

Ní sáà ìdánwò kan, àwa mẹ́rin tí à ń gbé yàrá kan náà pinnu pé a ó máa kàwé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní T.D.B. Òru mẹ́ta ni a fi ṣe é. Gbànja ni a ń jẹ, kọfí tí kò ní mílíìkì ni a fi ń lé e. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, wárápá gbé ọ̀kan nínú wa, ẹni tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ní i. Kò pé wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn nínú wa jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò, ó wo ìbéèrè kan tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé fún wa ní òru àná, orí rẹ̀ sì ṣófo bí igbá tí a da omi inú rẹ̀ nù. Láti ìgbà náà ni a ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé, ojú ọ̀nà méjèèjì tí a tọ̀, ti wárápá àti ti orí tí ó ṣófo, ibì kan náà ni wọ́n ti pàdé: lára àwọn ohun kékeré kan tí ń bẹ lójú ara sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gba iṣẹ́ tí adẹ́nósíìnì bá rán sí wọn.

Eérú inú ààrò

Ọpọlọ ènìyàn kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ogún nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń ná ni òun nìkan ń jẹ. Agbára yìí wà nínú èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ATP. Bí igi ìdáná ni ATP rí nínú ààrò. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń ṣiṣẹ́, bí a bá ń ronú, bí a bá ń há nǹkan sórí, igi ń jó, ó sì ń di eérú. Adẹ́nósíìnì wà lára eérú náà. Bí a bá ṣe pẹ́ lójú ẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni eérú ṣe ń pọ̀ sí i láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí a bá sùn, ààrò ń di gbígbá.

Ṣùgbọ́n eérú yìí kì í ṣe eérú lásán tí ń jókòó sí ojú kan. Ó ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1929, Alan Drury àti Albert Szent-Györgyi, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́yìn náà ní 1937, ṣàkíyèsí ní Cambridge pé bí a bá fa èròjà yìí sínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko, lílù ọkàn rẹ̀ máa ń dẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sì fẹ̀. (Títí di òní, adẹ́nósíìnì ni àwọn dókítà máa ń fún aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ bá ń sáré lódìlódì ní irú ọ̀nà kan. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ fi ń parí, ọkàn a sì padà sí ìlù rẹ̀.) Ní 1954, Feldberg àti Sherwood fún un sínú ọpọlọ ológbò, ológbò náà sì di ẹni tí oorun ń kùn. Èyí tí ó wá fi ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ni ìwádìí tí Tarja Porkka-Heiskanen, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Finland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1997. Wọ́n wọn adẹ́nósíìnì tí ó wà ní apá ìsàlẹ̀ iwájú ọpọlọ ológbò. Wọn kò jẹ́ kí àwọn ológbò náà sùn fún wákàtí mẹ́fà. Bí wákàtí ṣe ń gorí wákàtí ni adẹ́nósíìnì ń gòkè. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ láti sùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Díẹ̀díẹ̀ ni.

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gbọ́ ohun tí eérú ń wí? Lójú ara sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ohun kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní rìsẹ́pítọ̀. Àwa yóò máa pè é ní olùgbà nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ẹ fi ojú àgádágodo wò ó, kí ẹ sì fi ojú kọ́kọ́rọ́ wo adẹ́nósíìnì. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé tí ó sì yí, nǹkan á ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Oríṣi olùgbà mẹ́rin ni adẹ́nósíìnì ní: A1, A2A, A2B àti A3. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, nítorí àwọn ni iṣẹ́ wọn hàn jù nínú ọpọlọ.

A1 wà káàkiri ọpọlọ, títí dé ibi tí a ń kó ìrántí pamọ́ sí. Bíréèkì ni. Nígbà tí adẹ́nósíìnì bá ṣí i, sẹ́ẹ̀lì náà kì í tú àwọn èròjà tí ń ta sẹ́ẹ̀lì mìíràn jí síta bí ó ti ń tú u tẹ́lẹ̀, ariwo inú ọpọlọ a sì dínkù. A2A ní tirẹ̀ kò káàkiri bẹ́ẹ̀. Àárín gbùngbùn ọpọlọ ni ó pọ̀ sí jù, ní ibi tí a ti ń darí bí ara ṣe ń rìn, bí ọwọ́ ṣe ń lọ bí ó ṣe ń bọ̀, àti bí nǹkan ṣe ń wù wá í ṣe. Ní ibẹ̀, òun àti olùgbà èròjà mìíràn tí ń jẹ́ dópámíìnì jọ ń gbé ara sẹ́ẹ̀lì kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀tá ni wọ́n. Ohun tí dópámíìnì bá tì síwájú, A2A a fà á sẹ́yìn. Ẹ má gbàgbé ìjà yìí, a ó padà sórí rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ tí kì í yí

Káfíìnì ni èròjà tí ń bẹ nínú obì, nínú kọfí àti nínú tíì. Friedlieb Ferdinand Runge ló kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ láti inú hóró kọfí ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1819. Bí a bá wo bí a ti ṣe tò ó, ó jọ adẹ́nósíìnì débi pé ó lè wọ ojú àgádágodo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í yí. Yóò kàn jókòó síbẹ̀ ni, kò ní ṣí ilẹ̀kùn, kò sì ní jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ gidi wọlé.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ rò pé ọ̀nà mìíràn ni káfíìnì ń gbà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ọ̀nà náà ń béèrè pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè mu lọ láìkú. Ní 1970, Sattin àti Rall fi hàn lára ègé ọpọlọ ẹranko pé irú àwọn èròjà bíi káfíìnì ń dí adẹ́nósíìnì lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ní 2005, àwọn onímọ̀ kan lo eku tí a bí láìní olùgbà A2A rárá. Wọ́n fún wọn ní káfíìnì, àwọn eku náà sì sùn bí ẹni pé omi lásán ni wọ́n mu. Àwọn tí kò ní A1 ńkọ́? Káfíìnì lé oorun lójú wọn bí ó ṣe ń lé e lójú eku yòókù. Nínú gbogbo ohun tí a kà, èyí ni ó dùn mọ́ wa jù. Ìbéèrè tí ó ti pẹ́ ju àádọ́jọ ọdún lọ, eku ni ó dáhùn rẹ̀, oorun ni ó sì fi dáhùn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí níbí ni pé káfíìnì kò gbá eérú kankan kúrò nínú ààrò. Òru tí ẹ bá fi jẹ gbànja, adẹ́nósíìnì yín ń pọ̀ sí i bí ó ti yẹ kí ó pọ̀. Ẹ kò kàn gbọ́ ohun tí ó ń wí ni. Nígbà tí káfíìnì bá wá kúrò lójú àgádágodo, gbogbo adẹ́nósíìnì tí ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti alẹ́ ni yóò rọ́ wọlé pọ̀. Ẹni tí ó ti ṣe T.D.B. rí mọ wákàtí náà. Ó sábà máa ń bọ́ sí àsìkò tí olùṣọ́ ìdánwò bá ń pín ìwé ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Nínú gbànja gbígbẹ, káfíìnì sábà máa ń wà láàárín nǹkan bí ìdá kan àbọ̀ sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Bí obì kan bá wọn gíráàmù márùn-ún lẹ́yìn tí ó gbẹ, tí a sì mú ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù káfíìnì ni ẹ jẹ yẹn, bí ife kọfí kan tí ó dáa. Agolo kékeré kan nínú àwọn ohun mímu tí wọ́n ní ó ń fún ni lágbára sábà máa ń ní ọgọ́rin. Àjọ tí ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ ní 2015 pé irinwó mílígíráàmù lóòjọ́ kò yẹ kí ó ṣe àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ní ibi, ṣùgbọ́n kí ó má ju igba lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Aboyún kò gbọdọ̀ kọjá igba lóòjọ́. Nínú yàrá wa ní òru tí à ń sọ yìí, obì mẹ́ta àti kọfí ife méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ kí àkùkọ tó kọ. Ẹ fi orí ara yín rò ó.

Wákàtí márùn-ún tàbí bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń gbà kí ìdajì káfíìnì tó kúrò nínú ara. Ó lè jẹ́ mẹ́ta fún ẹnì kan kí ó jẹ́ méje fún ẹlòmíràn. Sìgá ń mú kí ó yára kúrò, oyún àti oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ń mú kí ó pẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jẹ igba mílígíráàmù ní aago mẹ́wàá alẹ́, ọgọ́rùn-ún ṣì wà lára rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, àádọ́ta sì wà níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2013 fi hàn pé irinwó mílígíráàmù tí ènìyàn jẹ ní wákàtí mẹ́fà kí ó tó sùn ṣì gba oorun tí ó ju wákàtí kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òun ń jẹ gbànja tí òun sì ń sùn, òótọ́ ni ó sọ pé òun ń sùn. Ṣùgbọ́n kò sùn tó bí ó ti rò.

Kí ni oorun wá ń ṣe fún ìwé tí a kà? Ohun tí a bá kà lójúmọmọ, ojú oorun ni ọpọlọ ti ń tò ó sí ààyè rẹ̀. Káfíìnì lè la ojú ènìyàn sílẹ̀, kò lè bá a ṣe iṣẹ́ yẹn. Èyí ni a rò pé ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ wa nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìwé wọ orí rẹ̀ lóòótọ́, a gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Òru mẹ́ta ni kò fi fún ọpọlọ láyè láti tò ó. Káfíìnì tí ó pọ̀ lápọ̀jù sì ń mú kí àyà máa já, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ẹ̀rù máa bani láìnídìí, ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í sì í rántí nǹkan bọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ní Nàìjíríà. Ní 1960, dókítà ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, tí ó ṣiṣẹ́ ní Aró ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa: orí a máa gbóná, a máa dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú a máa ríran bàìbàì, akẹ́kọ̀ọ́ a ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò ní mọ ohun tí ó kà. Brain fag ni wọ́n ń pè é. Ní 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morákinyọ̀ ti Ifẹ̀ tọ́ka sí ohun méjì lára ohun tí ń fà á: ìfẹ́ àṣejù láti yege, àti àwọn èròjà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ láti fi lé oorun. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ṣì ń jiyàn bóyá àìsàn kan tí ó dá dúró ni tàbí ìdààmú ọkàn ni ó wọ ẹ̀wù mìíràn. Àwa kò sí nínú iyàn náà. Ohun tí a mọ̀ ni pé a ti rí i lójú koroju.

Kì í ṣe pé a fẹ́ bú obì. Òun ni a fi ń ṣe ìgbéyàwó, òun ni a fi ń sọ ọmọ lórúkọ, òun ni àwọn àgbà fi ń wúre pé kí ó bi ikú, kí ó bi àrùn. Obì àbàtà tí ó máa ń ní awẹ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti ìwúre, gbànja aláwẹ́ méjì sì ni ti òwò. Àwọn méjèèjì ní káfíìnì. (Orógbó kì í ṣe ọmọ ìyá wọn bí a tilẹ̀ ń tò wọ́n pọ̀ sínú àwo kan. Ìdílé igi mìíràn ni ó ti wá.) Káfíìnì pàápàá ní oore tirẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí tí oṣù wọn kò pé máa ń gbàgbé láti mí, nítorí adẹ́nósíìnì ń dá ibi tí ń darí èémí dúró nínú ọpọlọ wọn. Káfíìnì ni a fi ń rán wọn létí. Ìwádìí ńlá kan tí a ṣe lára àwọn ọmọ tí ó lé ní ẹgbàá, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2006, fi hàn pé ó ń ṣe wọ́n láǹfààní. Ọmọ ọwọ́ ń gba káfíìnì, ẹ ò rí nǹkan!

Nígbà tí dópámíìnì bá gbẹ

A ní kí ẹ má gbàgbé ìjà A2A àti dópámíìnì. Nínú àìsàn tí a fi orúkọ dókítà James Parkinson pè, ẹni tí ó kọ̀wé lórí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1817, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe dópámíìnì a máa kú díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ a máa gbọ̀n nígbà tí ó bá wà ní ìsinmi, ara a le gbagidi, ẹsẹ̀ a máa wọ́ nílẹ̀, ojú kò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Nílé wa, ‘àgbà ti dé’ ni a máa ń wí, tàbí kí a ní ayé ló ń ṣe bàbá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú àwọn oníjà méjì ti ṣubú, èkejì sì wá ń fa ohun gbogbo sẹ́yìn láìsí ẹni tí yóò dá a dúró.

Èyí ni àwọn onímọ̀ rí tí wọ́n fi ní: bí a kò bá lè dá dópámíìnì padà tó bí a ṣe fẹ́, ṣé a kò lè di A2A lọ́wọ́? Oògùn kan tí ń jẹ́ istradefylline ni ó ti inú èrò yìí jáde. Ilẹ̀ Jàpáànù gbà á wọlé ní 2013, Amẹ́ríkà gbà á ní 2019, kí a máa lò ó pọ̀ mọ́ levodopa fún àwọn wákàtí tí agbára levodopa bá ti tán lára aláìsàn. Levodopa yìí kan náà, ẹ̀dá ti fi í sínú irúgbìn wèrèpè, èyí tí a mọ̀ sí ewé tí ń yún ni lára. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí lọ máa jẹ wèrèpè o, dókítà ni ó ń wọn levodopa fún aláìsàn.

Ṣé obì wá lè gba àgbà lọ́wọ́ àìsàn yìí? Ní Honolulu, wọ́n tọ ipasẹ̀ ọkùnrin tí ó lé ní ẹgbàarin, tí ìran wọn ti Jàpáànù wá, fún ọdún tí ó tó ọgbọ̀n. Èsì tí ó jáde ní 2000 fi hàn pé àìsàn náà mú àwọn tí kì í mu kọfí rárá ní ìlọ́po márùn-ún ju àwọn tí ń mu ún gan-an lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún àwọn tí àìsàn ti mú ní káfíìnì lóòjọ́, èsì tí ó jáde ní 2017 ni pé kò dín àìle rìn wọn kù. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan bá ìlera rìn pọ̀ àti kí ó wo àìsàn sàn. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì pàápàá máa ń gbàgbé ìyàtọ̀ yìí bí ìròyìn bá ti dùn.

Ìdájí ọjọ́ yẹn

Wárápá ni a fẹ́ dúró lé jù, nítorí ó ń dùn wá. Ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ni kí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìdarí. Ta ni ó ń dá ariwo náà dúró? Ní 1992, During àti Spencer wọn adẹ́nósíìnì nínú ọpọlọ àwọn aláìsàn mẹ́rin kan ní Amẹ́ríkà, ní àsìkò tí wárápá gbé wọn gan-an. Bí wárápá ṣe ń jà, adẹ́nósíìnì ń gòkè, ó sì wà lókè lẹ́yìn tí ìjà náà parí. Òun ni, nípasẹ̀ olùgbà A1, ó jọ pé ó ń fa bíréèkì. Iná ni ó jó tí ó fi dá eérú tí ó pa iná. Àwọn olùwádìí mìíràn, Detlev Boison wà lára wọn, ti fi hàn lẹ́yìn náà pé nínú ọpọlọ oníwárápá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe alágbàtọ́ fún àwọn yòókù a máa gbá adẹ́nósíìnì dànù kíákíá ju bí ó ti yẹ lọ, débi pé bíréèkì kò ní epo.

Ẹ wá rò ó wò. Theophylline, ọmọ ìyá káfíìnì tí wọ́n ń lò fún ikọ́ fée, bí ó bá pọ̀ jù lára, ó lè fa gìrì fún ẹni tí kò ní wárápá rí. Ní ti gbànja ìwọ̀nba, kò tíì hàn gbangba pé òun nìkan ń gbé wárápá dìde lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, a kò sì ní purọ́ mọ́ obì. Ọ̀tá tí ó dájú ni àìsùn. Ẹni tí ó bá ní wárápá tí kò sùn fún òru mẹ́ta ti ṣí ilẹ̀kùn fún un, gbànja ni ó sì mú kí ó ṣeé ṣe fún un láti má sùn.

Ọ̀rẹ́ wa mọ̀ pé òun ní i. Kò sọ fún wa nítorí ó ti gbọ́ ohun tí à ń wí nípa àwọn oníwárápá. Ní ìdájí yẹn, nígbà tí ó ṣubú láàárín ibùsùn méjì tí itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, àwọn ará yàrá kejì sá jáde, wọ́n ní ẹni tí itọ́ náà bá kàn yóò kó o. Ẹnì kan mú ṣíbí wá. Ẹnì kan ń wá epo pupa. Ojú ń ti wá láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwa náà dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ kí a tó sún mọ́ ọn.

Wárápá kì í ràn, kì í ti inú itọ́ wọ ara ẹlòmíràn. Bí ó bá gbé ẹnì kan lójú yín, ẹ kó ohun líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi aṣọ sí abẹ́ orí rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ má dì í mú, ẹ má sì ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ìbáà ṣe ṣíbí, ìbáà ṣe epo. Bí gbígbọ̀n náà bá ti dẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lé ilẹ̀ kí itọ́ lè dà jáde, kí ẹ sì jókòó tì í títí yóò fi mọ ibi tí ó wà. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí èkejì tẹ̀ lé e kí ojú rẹ̀ tó là, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà, lójoojúmọ́ ni a sì ń lò ó, ìdánwò kì í ṣe ìdí láti fò ó.

Ó ku ohun kan tí àwọn tí wọ́n ti ń jẹ gbànja lójoojúmọ́ yóò fẹ́ gbọ́. Bí a bá ń dí olùgbà lójoojúmọ́, ara kì í kàn wò wá níran. Lára àwọn ẹranko tí a fi dán an wò, ọpọlọ ṣe olùgbà A1 tuntun kún ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí awẹ́ kan tí ó tó ní ọdún àkọ́kọ́ fi ń di odindi mẹ́ta ní ọdún kẹta. Bí ẹ bá wá dá a dúró lójijì, adẹ́nósíìnì yóò rí ilẹ̀kùn púpọ̀ ṣí sílẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí yóò fẹ̀, orí yóò sì fọ́. Láàárín wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlélógún ni orí fífọ́ náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́sàn-án. Kì í ṣe ibà, ẹ má lọ máa gbé oògùn ibà mì. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ kí ìdánwò tó sún mọ́lé.

Nínú yàrá wa, a kò fi òfin de gbànja. A kàn fi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣe ààlà ni, a sì ń pa iná ní ọ̀gànjọ́ òru, ìbáà ku orí ìwé mélòó. Ọ̀rẹ́ wa tí orí rẹ̀ ṣófo lọ́jọ́sí ń jíyàn lórí ọ̀gànjọ́ yìí ní gbogbo sáà, kò sì tíì borí. Èkejì ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ti fi orúkọ àìsàn rẹ̀ àti ohun tí ó yẹ kí a ṣe sára ògiri lókè ibùsùn rẹ̀, ní Yorùbá àti ní Hausa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin onígoro bi wá pé kí ló dé tí òun kò rí wa mọ́ ní alẹ́. A ní àárọ̀ ni a ó máa wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, àwọn yòókù ṣì ń bọ̀.